Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń bà wá lẹ́rù, ojú èrò ni

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ọ̀rọ̀ náà dénú. Ìgbà tí mo bá dìde níwájú kíláàsì báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì á fò lọ."

Ọmọbìnrin kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, ó ti wà ní ọdún kẹta. Ìkòyí-Ilé ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò pọ̀ lójú tirẹ̀: kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì "bíi tàwọn ọmọ Èkó", torí pé ó fẹ́ ṣe sẹ́mínà níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbọ́ Ìkòyí tí ọkàn yín lọ sí Èkó níbi tí owó ilẹ̀ ti ń dá ibà sára èèyàn, ẹ dákun, kì í ṣe Ìkòyí yẹn. Ìkòyí-Ilé wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́, òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú Oníkòyí ni, ìlú àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ àtijọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọn kì í kẹ̀yìn sí ọ̀tá. Ohun tó fi pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn nígbà tí àbúrò mi yìí ní tí òun bá rí ojú ogójì èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ òun á máa gbọ̀n. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ kẹ̀!

Mo ní kó ka ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́mínà náà sínú fóònù, kó fi ránṣẹ́. Ìdí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ta ẹ̀gẹ́ lówó pọ́ọ́kú ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó kà á bí ẹni tí ajá ń lé, gbólóhùn kan ń wọnú èkejì. Mo ní ó dáa, wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, bí ẹni ń sọ ọ́ fún màmá ẹ. Odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi sọ̀rọ̀! Ó ṣàlàyé pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti hú kì í dúró de èèyàn, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọn tó ń fi mọ́tò wá rà á sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ dúró de àgbẹ̀ títí tí yóò fi já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ó tilẹ̀ sín bí àwọn oníbàárà ṣe ń fojú pa ẹ̀gẹ́ rẹ́ jẹ. Ká ní èmi ni olùkọ́ rẹ̀, mi ò bá ti fún un ní máàkì níbẹ̀.

Mo wá dán nǹkan mìíràn wò. Mo ní kó tún un sọ ní Yorùbá kan náà, ṣùgbọ́n kó dìde dúró, kó ṣe bí ẹni pé ààfin Oníkòyí ló wà, tí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè ń wò ó. Èyí tó fi ránṣẹ́ kò tó ìṣẹ́jú kan. "Ẹ... ẹ káàsán o... ohun tí mo... tí mo fẹ́ sọ ni pé..." Yorùbá náà fò lọ.

Ṣé ẹ rí nǹkan? Gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí ń pè é ní ìṣòro Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀, ó kàn so wọ́n pọ̀ sínú ẹrù kan ni. Ọ̀kan ni èdè. Èkejì, tó tóbi jù lójú tèmi, ni pé láti ọjọ́ tó ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó ní kó dìde sọ èrò ọkàn rẹ̀ níwájú èrò ní èdè kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá ti ẹnì kan. Ní ọjọ́ 12, oṣù November, 2025, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Tunji Alausa, kéde l'Ábújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìdí tó sọ ni pé níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀pọ̀ òbí ló pàtẹ́wọ́. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Kò sí òbí tó fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, kò sì sí bí ọmọ ṣe fẹ́ wọ yunifásítì fún iṣẹ́ òfin láìní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ni mo kà, ẹnikẹ́ni ò níláti wàásù ìwúlò Gẹ̀ẹ́sì fún mi.

Àmọ́ tí èèyàn bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní lílúwẹ̀ẹ́, ṣé ahọ́n rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dè?

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí, kò sì jìnnà sí wa. Ní January 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Iléeṣẹ́ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ló gbé owó kalẹ̀. Wọ́n mú ìsọ̀rí àwọn ọmọ kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì náà o, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ìsọ̀rí mìíràn ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀: Yorùbá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún mẹ́ta tó kù. Nígbà tí wọ́n wo èsì, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà yìí ló ṣe dáadáa jù, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó bá ń sáré kà á: nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró ti iṣẹ́ náà gbọnyin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Afọláyan, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáa yẹn ló ṣe é. Mo gbà pé ó wà lára rẹ̀. Ṣebí ohun tí mò ń wí náà nìyẹn: olùkọ́ tó mọṣẹ́ ni ká wá, ká yé lérò pé Yorùbá ló ń dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà.

Ẹ wá wo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń ṣe lọ́wọ́. Ìwé mẹ́ta ni ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC pín sí, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní "Test of Orals", ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu. Orúkọ náà dùn gbọ́. Ní Nàìjíríà, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ á jókòó, á dákẹ́ jẹ́jẹ́, á máa kun A, B, C tàbí D láti fi hàn pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tí kò pè jáde. Ó lè gba A nínú ọ̀rọ̀ ẹnu láìya ẹnu! Tí WAEC kò bá bi ọmọ ní nǹkan, olùkọ́ kò ní í kọ́ ọ. Bó ṣe di pé ọmọ wọ yunifásítì láìtíì fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni owó ìtanràn "vernacular". Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú yín ti san án. Kọ́lékọ́lé kíláàsì á kọ orúkọ ẹni tó sọ Yorùbá sílẹ̀, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ẹ tàbí kí wọ́n ní kó o gbá ilẹ̀. Kì í ṣe àwa nìkan. Ngũgĩ wa Thiong'o, òǹkọ̀wé Kenya tó kú ní 2025, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1986 pé wọ́n máa ń nà wọ́n, wọ́n sì ń so nǹkan kọ́ ọmọ lọ́rùn nílé ẹ̀kọ́ tó bá sọ Gĩkũyũ. Ohun tí mo rí nínú ìtanràn yìí ni pé kì í kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò mọ bó ṣe máa sọ "wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù mi" ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní í kọ́ ọ nítorí náírà márùn-ún. Á kàn dákẹ́ ni, kó má bàa sanwó. Ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà girama, ọdún méjìlá tó fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ká wá tì í síwájú sẹ́mínà, ká ní kó sọ̀rọ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ tó múlé ti Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti bí ọkùnrin kan ní 1910 tó yẹ ká máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí: Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe LAUTECH. Ẹ jẹ́ ká gbé ìjà òṣèlú ọdún 1962 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, ìwé yìí ò ní í tán. Ẹnu ọkùnrin yìí ni mò ń wí. Ó gbé Minna ní kékeré, ó gbọ́ Hausa. Ó ṣe tíṣà ní Baptist Academy l'Ékòó, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, kó tó lọ ka òfin ní Ìlú Ọba. Ní March 1957, òun ló gbé àbá òmìnira Nàìjíríà kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá sì dé orí pèpéle ìpolongo, Yorùbá olówe, Yorùbá aláwàdà, ni yóò fi máa fi ọ̀tá rẹ̀ ṣẹ̀sín. Àwọn tí kò fẹ́ràn òṣèlú rẹ̀ pàápàá máa ń dúró gbọ́ ọ. Wọ́n fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kẹtàlá, oyè ogun ńlá, ẹnu sì ni idà tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé Yorùbá tó jinlẹ̀ yẹn ló ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́.

Bí mo ṣe rí i nígbà tí mo wà ní yunifásítì náà nìyẹn. A máa ń ṣe ẹjọ́ ìdánrawò tí wọ́n ń pè ní moot, tí akẹ́kọ̀ọ́ á wọ aṣọ dúdú, á dúró níwájú àwọn tó ṣe bí adájọ́. Àwọn tó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ fa ojú èrò mọ́ra. Ṣùgbọ́n tí adájọ́ bá ti jù ú sí wọn pé "ọ̀gbẹ́ni, ẹjọ́ tó o tọ́ka sí yẹn, ṣé kò ta ko ohun tó o ń sọ báyìí?", imú ò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Àwọn tó máa ń yè é ni àwọn tó ti ń bá èèyàn jiyàn láti ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ pé agboolé tí wọ́n ti ń parí ìjà lójoojúmọ́ ló dàgbà sí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń ta gbàgáùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, adájọ́ kò sì rí i gbé ṣubú.

Nígbà tí mo sì ronú sí i, ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn jọ tiwa. Kí agbẹjọ́rò tó ta ko adájọ́, á kọ́kọ́ sọ pé "with the greatest respect, my Lord". Kí ni Yorùbá ń sọ tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà? Tótó, ó ṣe bí òwe o. Ìjúbà ni méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ láti júbà, kó sọ tẹnu rẹ̀, kó tún fi ìbọ̀wọ̀ kádìí rẹ̀, ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ agbẹjọ́rò láìtíì rí aṣọ dúdú. Àbúrò mi t'Ìkòyí-Ilé mọ gbogbo èyí, kò kàn mọ̀ pé ó wúlò ní yunifásítì ni.

Ìtìjú yìí lè na èèyàn ní ohun tó ju máàkì lọ. Abala 36, ìsọ̀rí 6 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀, tí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń lò ní kóòtù. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ náà, kóòtù máa ń bi ẹlẹ́rìí ní èdè tó fẹ́ sọ. Mo wà ní kóòtù kan lọ́jọ́ kan tí bàbá àgbẹ̀ kan wá jẹ́rìí ọ̀rọ̀ ààlà. Wọ́n bi í. Bàbá wo àwọn agbẹjọ́rò, ó wo èrò ẹ̀yìn, ó ní "I will speak English." Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí bàbá yìí ì bá sọ ní Yorùbá ni pé pèrègún ni àwọn bàbá wọn fi pa ààlà ibẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ orí pèrègún kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó gbìn ín. Ohun tó bọ́ sínú ìwé adájọ́ ni "there is a tree." Igi wo? Igi mélòó? Agbẹjọ́rò ẹnì kejì kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jókòó.

Àwọn tó kọ́kọ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín wa kò tijú báyìí. Òṣogùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Freetown ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ̀ ọ́n débi pé ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Síbẹ̀ ní January 1844, ní Freetown yẹn kan náà, ó dìde wàásù ní Yorùbá, ọdún kan ṣáájú ló sì ti gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá. Nígbà tó dé iwájú Ọbabìnrin Victoria ní 1851, ó sọ ọ̀rọ̀ Áfíríkà fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ka Àdúrà Olúwa fún wọn ní Yorùbá.

Kò burú, ẹ̀ ń bi mí pé kí ni kí ọmọ ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì tí ahọ́n rẹ̀ kò gbà. Ìṣòro gidi wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Yorùbá ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ohùn òkè, ti ìsàlẹ̀, ti àárín ló sì ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: á tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀, á gbé ìyókù mì. "Photograph" àti "photographer" jọra lójú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀. Ẹni tó bá fi ìlù Yorùbá sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kì í ṣe tiwa lè má tètè gbọ́ ọ. Bákan náà, èdè wa kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra, ìdí tí bread fi di búrẹ́dì nìyẹn. A tún ní "i" kan ṣoṣo, ni ship àti sheep ṣe ń di ìkan náà lẹ́nu wa. Nílẹ̀ Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, ẹ mọ ọ̀rọ̀ "s" àti "ṣ" tí a máa ń fi ara wọn pààrọ̀. Àwọn mìíràn á tún gbé "h" fún egg, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ house.

Gbogbo èyí ṣeé tún ṣe, kò gba imú. Ngozi Okonjo-Iweala ti ń darí àjọ ìṣòwò àgbáyé láti 2021. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa, Nàìjíríà ń dún lẹ́nu rẹ̀ ketekete, gbogbo ayé sì ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ìyẹn ni kí ọmọ lépa: kó yé èèyàn. Ọmọ tó ń wo TikTok láti jí ohùn ará Amẹ́ríkà ń fi dátà ṣòfò.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi kò ju báyìí lọ. Kó má há sẹ́mínà náà sórí, torí gbólóhùn kan tó bá jábọ́ ni gbogbo rẹ̀ máa jábọ́. Kó kọ kókó márùn-ún péré sórí páálí. Kó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá lórí ìdúró, fún màmá rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Tí ẹsẹ̀ bá ti yé gbọ̀n, kó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kó gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kó gbọ́ ara rẹ̀. Ó máa ń dun èèyàn láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀, mo mọ̀, kó fara dà á. Kó ka ìwé ìròyìn sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́, kó yẹ ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ wò nínú díṣọ́nárì. Tó bá dé iwájú èrò, kó dúró mí ná kó tó ya ẹnu.

Kó sì wá ẹgbẹ́. Ní 1924, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Smedley dá ẹgbẹ́ Toastmasters sílẹ̀ ní California, ó ti dé Nàìjíríà báyìí. Ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ka iye ìgbà tí asọ̀rọ̀ sọ "ah" àti "um" lọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, àríyànjiyàn Jaw War wà tí àwọn ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ fi ń figa gbága. Tí kò bá sí irú ẹ̀ níbi tí ẹ wà, ọ̀rẹ́ márùn-ún lábẹ́ igi máńgòrò ti tó: ẹnì kan á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹnì kan á máa ka "ẹ̀ẹ̀n", àwọn tó kù á ta kò ó.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́ girama ní Oríire àti káàkiri náà. Ìlànà mínísítà ti dé, ẹ ò lè yí i padà láti inú kíláàsì yín. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó ní kẹ́ ẹ máa gba owó ìtanràn, kò sì sí èyí tó ní kẹ́ ẹ má ṣe fi ogójì ìṣẹ́jú sílẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ fún àríyànjiyàn, Yorùbá lọ́sẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí ohun tó kàn wọ́n: ṣé ó yẹ kí àgbẹ̀ máa ta ẹ̀gẹ́ fún oníbàárà inú oko, àbí kí wọ́n dáwó ra mọ́tò tiwọn? Ẹ pe àwọn òbí wá gbọ́. Ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tó ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í nawọ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.